Èdè-Ìperí fún Ìdáàbòbò Ìwífún Aláìsàn ní Àwọn Ilé Ìwòsàn Kéékèèké

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ilẹ̀ Nàìjíríà fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ìlànà tí àjọ NITDA gbé jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ni a ń tẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sì ti sọ ohun tí ó jẹ́ ojúṣe ilé ìwòsàn lórí àkọsílẹ̀ aláìsàn. Àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá ní agbẹjọ́rò àti onímọ̀ ẹ̀rọ tí yóò ka àwọn òfin wọ̀nyí fún wọn. Ilé ìwòsàn kékeré kò ní. Dókítà kan, nọ́ọ̀sì méjì, akọ̀wé kan tí ó ń yọ káàdì, àti bóyá kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ilé ìgbẹ̀bí, ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì tí ó wà ní ìkángun àdúgbò. Síbẹ̀, òfin kan náà ni ó de gbogbo wọn.

Gbólóhùn kan wà nínú òfin ọdún 2023 yìí tí ó kan onímọ̀ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Òfin náà béèrè pé nígbà tí a bá ń tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ọn, kí èdè tí a ó lò mọ́lẹ̀ kedere, kí ó sì rọrùn. Ní ilé ìwòsàn kékeré ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ìkìrun, níbi tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣe wọ́n, èdè wo ni ó mọ́lẹ̀ kedere? Fọ́ọ̀mù tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ni ó sábà máa ń wà lórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì ni yóò túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí àyè bá gbà á. Ohun tí nọ́ọ̀sì bá sọ ní ìṣẹ́jú bíi mélòó kan yẹn ni gbogbo ohun tí aláìsàn náà yóò mọ̀ nípa òfin. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ tí ó ṣe déédéé lẹ́nu nọ́ọ̀sì, òfin náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a tìtorí rẹ̀ ṣe é.

Iṣẹ́ èdè-ìperí kì í ṣe ohun tuntun láàrin àwọn onímọ̀ Yorùbá. Àkójọ tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1984, dá lé ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Àkójọ ọ̀rọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní èdè mẹ́rin sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1991. A kò ṣe ìkankan nínú méjèèjì fún yàrá tí aláìsàn ti ń tú ara sílẹ̀ fún dókítà. Èyí ni ó fà á tí ó fi yẹ kí a yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn wò, kí a mọ èyí tí ó lè ru ẹrù yìí àti èyí tí kò lè rù ú.

Dátà àti àṣírí

Ọ̀rọ̀ tí ó súnmọ́ni jù lọ ni ọ̀rọ̀ àyálò náà, dátà. Kò sí ohun tí ó burú nínú ọ̀rọ̀ àyálò. Káàdì, nọ́ọ̀sì, fóònù àti dókítà ti di ọmọ ilé, kò sì sí ẹni tí ó ń bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti wá. Ìṣòro dátà yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀rọ̀ náà ti gba iṣẹ́ mìíràn kí àwọn onímọ̀ èdè tó dé bá a. Lójú ẹni tí ó ń lo fóònù ní ìgboro, dátà ni ohun tí a ń fi owó rà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ fóònù kí a lè wo íntánẹ́ẹ̀tì: a ń ra dátà, dátà a sì máa tán. Bí nọ́ọ̀sì bá wí fún arúgbó pé, "Màmá, a ó dáàbò bo dátà yín," ohun tí ó tọ́ kí Màmá náà rò ni pé ẹnìkan fẹ́ jí ohun tí ọmọ òun rà sórí fóònù òun. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ní ojúṣe ní ìgboro kò ṣeé gbé wọ inú òfin bí ẹni pé kò ní ojúṣe kankan. A lè fi dátà sílẹ̀ nínú orúkọ òfin náà nítorí pé orúkọ ni, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a máa bá aláìsàn fi í sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni àṣírí, òun ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì fẹ́ràn jù. Ó dùn ún gbọ́, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Àyálò ni òun náà. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, èdè Lárúbáwá sì ni orísun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé ó ti ní ìwà tirẹ̀, ìwà náà ni ó sì yẹ kí a ṣàkíyèsí. Nínú èdè Yorùbá, a máa ń bo àṣírí, a sì máa ń tú àṣírí. Ẹni tí àṣírí rẹ̀ tú ti ṣe ohun kan tí kò yẹ, tàbí ó ní àbùkù kan tí kò fẹ́ kí ayé rí. Kódà nínú àdúrà, bí a bá ní kí Ọlọ́run bo àṣírí wa, ohun tí a ń tọrọ ni pé kí ó má jẹ́ kí a di ẹni ìtìjú lójú ẹgbẹ́. Ìtìjú wà nínú àṣírí gẹ́gẹ́ bí omi ti wà nínú àgbọn. A kò lè yọ ọ́ kúrò kí a sì fi èpo sílẹ̀.

Kí ni èyí ń dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn? Àkọ́kọ́ ni pé òṣìṣẹ́ tí a bá fi àṣírí kọ́ yóò máa pín àìsàn sí ọ̀nà méjì: èyí tí ó ní àṣírí àti èyí tí kò ní. Yóò ní ibà kò ní àṣírí kankan nínú, yóò sì fi káàdì oníbà sílẹ̀ lórí tábìlì níbi tí gbogbo ẹni tí ń kọjá lè kà á. Nọ́ńbà fóònù aláìsàn, àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́ tí yóò padà wá, gbogbo wọn kò ní àṣírí lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òfin kò pín in báyìí. Ohunkóhun tí a lè fi dá ẹnìkan mọ̀ wà lábẹ́ ààbò. Òótọ́ ni pé òfin náà ka ipò ìlera ẹni sí ara ohun tí ó nílò ìṣọ́ra tí ó ju ti ìyókù lọ, ṣùgbọ́n ipò ìlera ni ibà pẹ̀lú.

Èkejì ni ó burú jù. Bí òṣìṣẹ́ bá gbà pé àwọn àìsàn kan ni ó ní àṣírí, yóò wá ọ̀nà láti bo àwọn náà nìkan. Yóò kó káàdì àwọn tí ó ní kòkòrò HIV sínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀, tàbí kí ó fi àmì pupa sí igun rẹ̀, tàbí kí ó ní kí wọ́n máa wá ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ nìkan. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí gbogbo àdúgbò yóò fi mọ ìtumọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù náà, àmì náà, àti Ọjọ́bọ̀ náà. Ohun tí ó fi bò ó gan-an ni ó fi tú u. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí káàdì kan fi lè wà ní ìpamọ́ ni pé kí gbogbo káàdì wà ní ìpamọ́, kí ti oníkọ́ àti ti aboyún, ti onítọ̀ ṣúgà àti ti ẹni tí eyín ń dùn, jọ wà nínú àpótí kan, kí wọ́n sì ní àwọ̀ kan náà. Èrò tí ó wà nínú òfin nìyí, ọ̀rọ̀ náà àṣírí sì ń ṣiṣẹ́ lòdì sí i. Nítorí náà, kò yẹ kí àṣírí jẹ́ orí ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, bí ó tilẹ̀ dùn lẹ́nu tó.

Àwọn kan lè dábàá awo, nítorí pé ti ilé ni. Awo kò bá a mu rárá. Ẹgbẹ́ ni ó ń ni awo, ẹni tí a kò bá ṣe é fún ni a ń fi í pamọ́ fún. Ìwífún aláìsàn kì í ṣe ti ẹgbẹ́ àwọn dókítà, ti aláìsàn ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìṣe àwọn babaláwo dípò ọ̀rọ̀ náà, a ó rí ohun kan tí ó yẹ kí ilé ìwòsàn kọ́. Ẹni tí ó wá dífá kì í sábà ro ẹjọ́ fún babaláwo kí ó tó dífá. Yóò mú owó, yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i, yóò sì gbé e sílẹ̀. Babaláwo kò gbọ́ ju ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ kí ó gbọ́ lọ. Òfin tuntun náà ní ìlànà tí ó jọ èyí: kí a má gba ìwífún tí ó ju èyí tí iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe nílò. A lè pè é ní ìgbàníwọ̀n. Ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì tí ó ń béèrè ẹ̀sìn àti ìlú abínibí kí ó tó ta oògùn orí fífọ́ kò mọ ìgbàníwọ̀n.

Ìwífún

Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni ìwífún. Ìhun rẹ̀ hàn gbangba: wí àti fún, pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-. Ohun tí a wí fún ẹnìkan ni. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó rán wa létí pé ẹni méjì ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí ó wí àti ẹni tí a wí fún; ẹni kẹta kò sí níbẹ̀. Kò ní ìtìjú nínú, kò sì tíì gba iṣẹ́ mìíràn ní ìgboro.

Àtakò kan wà tí kò ṣeé fojú fò. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí aláìsàn wí. Ẹ̀rọ ni ó wí i, tàbí òṣìṣẹ́ láàbù, aláìsàn gan-an lè má tíì gbọ́ ọ nígbà tí ó ti wà lórí ìwé. Ṣé ìwífún ni èyí náà? Ìdáhùn ni pé èdè Yorùbá máa ń jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀-orúkọ báyìí fẹ̀ ju ìhun rẹ̀ lọ. Ìwé ìròyìn kì í ṣe ohun tí a ròyìn nìkan, àwòrán àti ìpolówó wà nínú rẹ̀. A lè jẹ́ kí ìwífún aláìsàn dúró fún gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa aláìsàn nítorí pé ó gbé ara rẹ̀ wá síwájú wa: ohun tí ó wí, ohun tí a rí, ohun tí a wọ̀n, àti ohun tí a kọ. Àkọsílẹ̀ kéré sí i, nítorí pé èyí tí a kọ nìkan ni. Nọ́ọ̀sì tí ó ń pariwo ní gbọ̀ngàn pé, "Ta ni ó wá gba èsì àyẹ̀wò oyún?" kò ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kankan, ṣùgbọ́n ó ti tú ìwífún dà sílẹ̀.

Ta ni kí a wá pe ẹni tí ìwífún náà jẹ mọ́? Oníwìífún ni yóò kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn, ìhun rẹ̀ sì bá òfin èdè mu, gẹ́gẹ́ bí ìwé ti di oníwèé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni oní- ń ṣe. Onílé ni ẹni tí ó ni ilé. Ẹlẹ́ja ni ẹni tí ó ń ta ẹja. Oníwìífún lè jẹ́ ẹni tí ó ni ín tàbí ẹni tí ó ń tà á, bẹ́ẹ̀ títa ìwífún gan-an ni ohun tí òfin fẹ́ dènà. Ọlọ́rọ̀ kò ṣe é, nítorí pé olówó ni gbogbo ènìyàn yóò gbọ́. Ẹni-ọ̀rọ̀-kàn ni ó tọ́. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ṣì í gbọ́.

Òfin tún dá ẹni méjì mìíràn mọ̀. Èkíní ni ẹni tí ó ń pinnu ìdí tí a fi ń gba ìwífún àti ọ̀nà tí a ó gbà lò ó. Èkejì ni ẹni tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Alákòóso ìwífún bá èkíní mu. Fún èkejì, èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tí ó péye ju ti àwọn tí ó kọ òfin lọ: alágbàṣe. Alágbàṣe ń ṣiṣẹ́ lórí oko tí kì í ṣe tirẹ̀. Ibi tí a bá fi hàn án ni ó ń ro. Kì í fi ebè kan kún un fún ara rẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì ṣú kì í gbé iṣu lọ sílé. Láàbù tí dókítà ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí lè jẹ́ alágbàṣe ìwífún. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, àti iléeṣẹ́ tí ó ta ètò ìkówèésí fún ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ dókítà ni ó rò pé nígbà tí àwọn ti gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ọ̀dọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe, ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ìwífún inú rẹ̀ ti kúrò lọ́rùn àwọn. Ọ̀rọ̀ náà alágbàṣe yóò tètè la èyí yé wọn, nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé olóko ni ó ń dáhùn fún oko.

Ìyọ̀ǹda

Ìfọwọ́sí ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù Yorùbá ń lò fún ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ aláìsàn. Kò tọ́. Ìfọwọ́sí ni ohun tí ọwọ́ ṣe. Ìyọ̀ǹda ni ohun tí ọkàn ṣe. Ọwọ́ lè ṣe tirẹ̀ kí ọkàn má mọ̀ sí i, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti àtàǹpàkò ìyá kan bọ inú yíǹkì. Òfin ọdún 2023 gbà kí a fi ẹnu yọ̀ǹda, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí kí a lo ẹ̀rọ. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 le ju èyí lọ: bí ilé ìwòsàn bá fẹ́ fi ìwífún aláìsàn han ẹlòmíràn lórí ìyọ̀ǹda rẹ̀, ó ní kí ìyọ̀ǹda náà wà ní kíkọ. Nítorí náà, ilé ìwòsàn tí ó bá fẹ́ wà láìléwu yóò gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu, yóò sì tún gba ìfọwọ́sí lórí ìwé. A nílò ọ̀rọ̀ méjèèjì, kí a má sì fi ọ̀kan pe èkejì.

Ìyọ̀ǹda tí a ṣe lẹ́yìn tí àlàyé ti yéni ni ó nílò orúkọ. Ìyọ̀ǹda amọ̀dí dára ní ìtumọ̀, nítorí pé ẹni náà ti mọ ìdí. Ṣùgbọ́n ó súnmọ́ àmódi, tí í ṣe àìsàn, jù, ẹ̀rín ni yóò sì dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ìyọ̀ǹda alálàyé ni ó sàn jù. Ó gbé ẹrù náà lé ẹni tí ó yẹ kí ó ṣàlàyé lórí, kò gbé e lé aláìsàn.

Òfin tún sọ pé dídákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ó yẹ kí a tẹnu mọ́ èyí láàrin Yorùbá, nítorí pé ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í já àgbà lẹ́nu. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ìyá ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé wá sí yàrá dókítà yóò dákẹ́ nígbà tí a bá ń bi í ní ìbéèrè níṣojú ìyá náà, kì í ṣe pé ó gbà. Ọ̀ràn mìíràn tí ó jọ ọ́ ni ti àwọn ìjọ kan tí ó ń béèrè èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, láti mọ irú ẹ̀jẹ̀ wọn àti bóyá wọ́n ní kòkòrò HIV. Láàbù kékeré a máa fi èsì náà ránṣẹ́ tààrà sí pásítọ̀, nítorí pé pásítọ̀ ni ó kọ lẹ́tà. Pásítọ̀ kì í ṣe ẹni-ọ̀rọ̀-kàn. Ọwọ́ àwọn méjèèjì tí a gba ẹ̀jẹ̀ wọn ni èsì náà yẹ kí ó kọ́kọ́ dé, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù sì pinnu ẹni tí yóò fi hàn. Ìgbéyàwó tí kò wáyé lè di ohun tí gbogbo ìjọ ń sọ ìdí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọbìnrin náà ni yóò sì máa gbé inú ọ̀rọ̀ náà títí.

Ààbò àti bí ó ṣe ń fọ́

Ìpamọ́ ni ọ̀rọ̀ tí a sábà ń lò fún iṣẹ́ ìdáàbòbò, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni ó gbé. Ohun mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ààbò ìwífún. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹni tí kò yẹ má rí i. A lè pe èyí ní ìfọ̀rọ̀pamọ́. Èkejì ni pé kí ohun tí a kọ má yí padà láìjẹ́ pé ẹni tí ó ní àṣẹ ni ó yí i: àìyẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹni tí ó yẹ rí i nígbà tí ó bá nílò rẹ̀: àrọ́wọ́tó. Ilé ìwòsàn tí akọ̀wé rẹ̀ ti kọ́bọ́ọ̀dù pa, tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, tí ó sì lọ sí ìnáwó ní ìlú mìíràn, ti ṣe ìpamọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí aboyún kan bá dé ní òru pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, tí kò sí ẹni tí ó lè rí irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tàbí oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà, ìwífún rẹ̀ kò ní ààbò kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí akọ̀wé bá fi AA rọ́pò AS nígbà tí ó ń da káàdì àtijọ́ kọ. Ẹnikẹ́ni kò jí nǹkan, àṣírí kankan kò tú, síbẹ̀ ọmọ tí a kò tíì bí lè san gbèsè rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, a lè pè é ní ìfọ́ ààbò. Ìrúfin kò bá a mu, nítorí pé olè lè fọ́ ilé ẹni tí kò rú òfin kankan. Abẹ́ ìfọ́ ààbò ni ìjò wà, nígbà tí ìwífún bá ń yọ́ jáde bí omi láti orí páànù. Fọ́tò èsì àyẹ̀wò tí nọ́ọ̀sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ́ ìjò. Bí ìfọ́ ààbò bá ṣẹlẹ̀, tí ó sì lè pa ẹni-ọ̀rọ̀-kàn lára, òfin fún alákòóso ní wákàtí 72 láti ìgbà tí ó bá ti mọ̀ láti fi tó Àjọ ìdáàbòbò náà létí. Bí ewu náà bá ga, ẹni-ọ̀rọ̀-kàn gan-an gbọ́dọ̀ gbọ́ láìjáfara. Ìjìyà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá wọ inú àkọsílẹ̀ aláìsàn láìgba àṣẹ, tàbí tí ó yí i padà, lè lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ, tàbí kí ó san ₦250,000, tàbí kí ó gba méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2014 ti wí. Ti ọdún 2023 wúwo jù bẹ́ẹ̀ fún alákòóso: owó ìtanràn lè dé ₦2,000,000 tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó wọlé fún un lọ́dún, èyí tí ó bá pọ̀ jù, fún àwọn tí òfin kà sí pàtàkì, ₦10,000,000 ni ó fi rọ́pò ₦2,000,000. Ilé ìwòsàn oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́rin kò lè san èyí kí ó tún ṣílẹ̀kùn.

Àwọn tí ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé wà nínú èdè ẹ̀rọ ti dábàá àrokò fún ọgbọ́n tí a fi ń yí ìwífún inú kọ̀ǹpútà padà kí ẹlòmíràn má lè kà á. Àbá náà wuni. Àwọn baba wa fi owó ẹyọ àti ìyẹ́ ránṣẹ́, ìránṣẹ́ tí ó gbé e kò sì mọ ohun tí ó gbé. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, ohun tí ó ń dáàbò bo àrokò ni pé àwọn kan mọ ìlànà rẹ̀, àwọn kan kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ìlànà náà lè ka gbogbo àrokò tí ó bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọgbọ́n òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1883 ni Auguste Kerckhoffs ti fi lélẹ̀ pé kí ìlànà jẹ́ ohun tí ọ̀tá pàápàá lè mọ̀ láìséwu, kí ó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ nìkan ni a ó fi pamọ́. Àgádágodo ni èyí jọ. Kò sí ẹni tí kò mọ bí àgádágodo ṣe ń ṣiṣẹ́, irú rẹ̀ kan náà sì pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tèmi kò lè ṣí tìrẹ. Nítorí náà, ìtìpa ni ó yẹ kí a pè é, kí a fi àrokò sílẹ̀ fún àwọn àmì tí kò ní kọ́kọ́rọ́, bí irú àwọn lẹ́tà kúkúrú tí dókítà ń kọ sí orí ìwé oògùn.

Fún ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó gbà wá wọlé, ọ̀rọ̀ aṣínà ti ń tàn kálẹ̀. Ìhun rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n bí atẹ̀wé bá gbàgbé àmì ohùn, aṣìnà ni òǹkàwé yóò kà. Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kò ní ìṣòro yìí. Èyíkéyìí tí a bá mú, bí a bá kọ ọ́ sórí bébà tí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, gbogbo ayé ni ó ń gbà wọlé.

Yíyọ orúkọ kúrò náà nílò ìkìlọ̀. Àwọn tí ó ń kó ìwífún jọ fún ìwádìí gbà pé bí orúkọ bá ti kúrò, ẹni náà ti di ẹni tí a kò mọ̀. Ní ìlú Yorùbá, ìwọ̀nba ènìyàn ni a ń fi orúkọ inú ìwé dá mọ̀. "Obìnrin aláṣọ òkè kan tí ó bí ìbẹta" kò ní orúkọ nínú, gbogbo ọjà sì ti mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ìyọ àmì ìdánimọ̀ ni ó yẹ kí èdè-ìperí náà jẹ́, nítorí pé orúkọ jẹ́ ọ̀kan lára àmì, kì í sì í ṣe èyí tí ó lágbára jù níbi gbogbo.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí kò ṣeé lò rárá, òun ni ìsọnù. Ohun tí ó sọnù ti kúrò lọ́wọ́ ẹni láìmọ̀. Ohun tí a sọ nù, a mọ̀ọ́mọ̀ jù ú nù ni. Bí a bá kọ sí ara ògiri ilé ìwòsàn pé "Ìsọnù káàdì àtijọ́," a kò mọ̀ bóyá ìròyìn ni tàbí àṣẹ. Nínú ìṣe pẹ̀lú, méjèèjì máa ń bá ara wọn pàdé: ìwé tí a sọ nù a máa di ìwé tí alákàrà fi ń di àkàrà, ẹni tí ó ra àkàrà a sì máa ka ohun tí ó wà lára rẹ̀ bí ó ti ń jẹ ẹ́. Ìparun ni kí a lò fún káàdì tí àkókò rẹ̀ ti kọjá, kí ó sì jẹ́ ìparun ní tòótọ́, èyí tí iná tàbí ẹ̀rọ ìgéwèé ṣe.

Àpẹẹrẹ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí fi àwọn ọ̀rọ̀ náà sí ẹnu iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni yóò kà á sí etí aláìsàn tí ó jù ú lọ, ní ibi tí àwọn mìíràn kò ti lè gbọ́, kí ó tó gba ìfọwọ́sí rẹ̀:

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí a ó ṣe sí ìwífún yín. Ìwífún yín ni orúkọ yín, ọjọ́ orí yín, nọ́ńbà fóònù yín, ohun tí ẹ bá sọ fún dókítà, ohun tí dókítà bá rí lára yín, àti èsì àyẹ̀wò yín. Dókítà tí ó ni ilé ìwòsàn yìí ni alákòóso rẹ̀, òun ni yóò sì dáhùn bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ sí i. Bí a bá fi ẹ̀jẹ̀ yín ránṣẹ́ sí láàbù, alágbàṣe wa ni wọ́n, wọn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. A kò ní sọ ọ́ fún ọkọ yín, ọmọ yín, pásítọ̀ yín tàbí lèmọ́mù yín, àfi bí ẹ bá yọ̀ǹda, tàbí bí òfin tàbí ilé-ẹjọ́ bá pàṣẹ, tàbí bí dídákẹ́ wa bá lè kó ìlera ará ìlú sínú ewu ńlá. Ẹ lè ní kí a fi ohun tí a kọ hàn yín. Ẹ lè gba ìyọ̀ǹda yín padà nígbà tí ó bá wù yín. Bí ó bá di dandan kí a pe ẹnìkan nítorí yín, ta ni ẹ fẹ́ kí a pè, kí ni ẹ sì fẹ́ kí onítọ̀hún gbọ́?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni a fi rọ́pò "Ṣé ó yé yín?" tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù. Àgbàlagbà tí nọ́ọ̀sì bi bóyá ọ̀rọ̀ yé e yóò ní ó yé òun, ìbáà yé e ìbáà má yé e, nítorí pé ìbọ̀wọ̀ ni ó ka ìdáhùn náà sí. Ẹni tí a ní kí ó dárúkọ ẹni tí ó yẹ kí a pè, kí ó sì sọ ohun tí ó fẹ́ kí onítọ̀hún gbọ́, ní láti ronú lórí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà fún un. Bí ó bá dárúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó wá dúró díẹ̀, tí ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru fún un," àlàyé náà ti wọlé.